Eddy Kọ́ Ló Jẹ̀bi

Ẹjọ́ kan wà tí kì í parí níbikíbi tí àwọn ọ̀dọ́ bá ti péjọ síwájú tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú pádì méjì lọ́wọ́. Ìbáà jẹ́ ìgboro Ọ̀wọ̀ níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pólì Rufus Giwa pọ̀ sí, ìbáà jẹ́ Òkèlúsè ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, nítòsí ààlà ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Ẹdó, ẹjọ́ náà kò yàtọ̀. Òǹjà wo ló lágbára jù nínú géèmù ìjà? Ta ló lè na ta? Ṣé ó sì tọ́ kí ènìyàn mú òǹjà kan tí gbogbo ayé gbà pé agbára rẹ̀ ti pọ̀ jù? Ẹni tó bá borí a ní ọgbọ́n òun ló ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá pàdánù a ní òǹjà tí ẹnì kejì mú ni kò dára. Láti inú ariwo yìí ni òfin ti ń jáde, òfin tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù géèmù ní ilẹ̀ yìí mọ̀ dáadáa: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú Eddy.

Eddy Gordo ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ọmọ ilẹ̀ Brazil ni, inú Tekken 3 tó jáde ní 1997 ló sì ti kọ́kọ́ yọjú. Ẹsẹ̀ ló fi ń jà. Ó ń tàkìtì, ó ń fi ọwọ́ tilẹ̀, ó ń yí bíríbírí bí òòyì. Ọmọdé tí kò tíì di pádì mú rí lè yàn án, kí ó máa tẹ bọ́tìnnì bí ẹni tó ń gún iyán, kí ó sì na ẹni tó ti ń gbá géèmù náà láti ọdún mẹ́ta. Ìtìjú ńlá nìyẹn. Ìtìjú yìí gan-an ló sì bí òfin tí wọ́n fi lé Eddy jáde.

Òfin náà kò tọ́. Kì í ṣe pé òǹjà kan kò lè lágbára ju òmíràn lọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí sì wà fún un. Ohun tó burú ni pé wọ́n dá ẹjọ́ náà láìgbọ́ ẹlẹ́rìí kankan. Ariwo ló dá a, ojú tó ti ẹni tó pàdánù ló sì kọ ìwé ìdájọ́. Ìlú tí àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ bá ń dá ẹjọ́ báyìí, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ náà kéré tó, ń kọ́ wọn ní ohun kan tí yóò bá wọn dàgbà: pé bí nǹkan bá ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni, kí a wá ẹlòmíràn tí a ó di ẹ̀bi náà rù. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrọ̀ mọ́, ó ní ọjọ́ tí ọkọ òun ti kú ni òun kò ti wẹ̀.

Kí ni ó tilẹ̀ túmọ̀ sí pé òǹjà kan borí òmíràn? Nínú Street Fighter II tí ilé iṣẹ́ Capcom ti ilẹ̀ Japan gbé jáde ní 1991, òǹjà mẹ́jọ ni ènìyàn lè yàn. Ọ̀kan nínú wọn ni Guile, ọmọ ogun Amẹ́ríkà, tó ń dúró lókèèrè tí ó ń sọ afẹ́fẹ́ lu ọ̀tá rẹ̀ bí ẹni ń sọ òkò. Òmíràn ni Zangief, ajàjàkadì ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ẹni tí kò ní òkò kankan láti sọ, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé bí ó bá lè sún mọ́ ènìyàn kí ó sì dì í mú, yóò gbé e sókè, yóò sì fi orí rẹ̀ gún ilẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, iṣẹ́ Zangief ni kí ó la òjò òkò kọjá. Iṣẹ́ Guile ni kí ó má jẹ̀ẹ́ kí ó dé. Ẹnikẹ́ni tó bá ronú díẹ̀ yóò rí i pé ọ̀nà Zangief le jù.

Àwọn tó mọ eré náà dájú máa ń fi òǹkà sọ bí ó ṣe le tó. Wọ́n lè ní mẹ́fà sí mẹ́rin ni, tàbí méje sí mẹ́ta. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ẹni méjì tí ọgbọ́n wọn dọ́gba bá gbá eré náà nígbà mẹ́wàá, ẹni tó mú Guile yóò jẹ mẹ́fà tàbí méje, ẹni tó mú Zangief yóò sì jẹ ìyókù. Gbólóhùn kan wà nínú àlàyé yìí tí ọ̀pọ̀ ń fò kọjá: tí ọgbọ́n wọn dọ́gba. Bí ọgbọ́n kò bá dọ́gba, òǹkà náà kò sọ nǹkan kan. Ẹni tó mọ Zangief bí ẹni mọ ọ̀nà oko yóò na ẹni tó kọ́ Guile lánàá, lẹ́ẹ̀mẹwàá nínú mẹ́wàá. Nítorí náà, ẹni tó bá pàdánù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ó sì dìde láti pariwo pé òǹjà ọ̀tá òun ló ṣe é, ohun tí kò tíì wọ̀n ló ń sọ ìwọ̀n rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sọ́dọ̀ Eddy. Èéṣe tí ọmọdé fi lè fi í na àgbà? Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ìjà Eddy kì í dúró lójú kan. Ó ń kọlu orí, ó ń kọlu ẹsẹ̀; ó lè dùbúlẹ̀ gbalaja kí ó sì ti ibẹ̀ gbá ènìyàn. Ẹni tó bá mọ ìdáàbòbò ti òòró nìkan, tí kò mọ ìgbà tó yẹ kí òun lóṣòó, ẹsẹ̀ yóò máa gbá a ṣubú. Ẹni tó bá sì rò pé kí òun náà máa tẹ bọ́tìnnì ni ọ̀nà àbáyọ, ẹsẹ̀ Eddy yóò kọ́kọ́ dé. Ṣùgbọ́n nínú Tekken, ìkọlù tó bá gba ìsàlẹ̀ wá ní gbèsè tirẹ̀: bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbá bá lóṣòó tí ó sì dí i, ara ẹni tó kọlù ú yóò ṣí sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, àǹfààní ìgbẹ̀san yóò sì wà. Ẹni tó bá kọ́ nǹkan méjì yìí, ìgbà tí a ń lóṣòó àti ohun tí a ń fi san án padà, yóò rí i pé ọmọdé tó ń tẹ bọ́tìnnì kò ní ọ̀nà mìíràn mọ́. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni ẹ̀kọ́ náà. Ṣọ́ọ̀bù tó fòfin de Eddy ti gba ọ̀sán kan yẹn lọ́wọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀, ó sì fi òpè tó dá ara rẹ̀ lójú rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀rí tún wà láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ọwọ́ wọn mọ́ jù lágbàáyé. Evo ni ìdíje géèmù ìjà tó lókìkí jù. Inú ìpàdé kékeré kan ní California ní 1996 ló ti hù jáde, Las Vegas ló sì sọ di ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti 2017 títí dé 2023 tí wọ́n fi Tekken 7 díje níbẹ̀, kò sí ẹnì kan tó fi Eddy gba adé. Bí Eddy bá jẹ́ ọṣẹ́ tí wọ́n ń pè é, àwọn tó ń fi eré yìí jẹun kì bá ti gbàgbé rẹ̀ sílẹ̀. Owó wà níbẹ̀, wọn kò sì ní ìtìjú kankan nípa òǹjà tí wọ́n bá mú.

Àwọn tó fara mọ́ òfin náà ní èsì tó lágbára o, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Wọ́n lè sọ pé ìtàn fi hàn pé àwọn òǹjà kan wà tí agbára wọn kọjá ààlà, tí àwọn ọ̀jáfáfá fúnra wọn sì fòfin dè. Òótọ́ ni. Ní 1994, Capcom fi Akuma pamọ́ sínú Super Street Fighter II Turbo. Akuma lè wà lójú òfurufú kí ó máa sọ iná sísàlẹ̀, débi pé ọ̀pọ̀ òǹjà tó kù kò rí ibi sá sí. Wọ́n lé e jáde nínú ìdíje. Nínú Super Smash Bros. Brawl tí Nintendo gbé jáde ní 2008, Meta Knight di ìyọnu débi pé àwọn ìdíje kan ní Amẹ́ríkà fòfin dè é lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ní ìparí 2019, Leroy Smith wọ inú Tekken 7. Nígbà tí Evo Japan máa fi wáyé ní oṣù kìíní ọdún 2020, mẹ́fà nínú àwọn mẹ́jọ tó kù ní ìpele ìkẹyìn ló mú Leroy, ọmọ Thailand kan tí wọ́n ń pè ní Book ló sì fi í gba adé. Kò pẹ́ tí àwọn tó ṣe géèmù náà fi dín agbára Leroy kù.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe dá àwọn ẹjọ́ wọ̀nyẹn. Wọ́n kò lé Akuma jáde nítorí pé ó dójú ti ẹnì kan ní ọjọ́ kan. Àwọn ènìyàn gbá a, wọ́n wá ọ̀nà láti borí rẹ̀, wọ́n tún gbá a, ọ̀nà kò sí. Ní ti Meta Knight, ìjiyàn gba ọdún, èsì ìdíje lóríṣiríṣi ni wọ́n sì kó jọ. Ní ti Leroy, àwọn olóye jù lọ lágbàáyé ló kó ara wọn jọ sí ibì kan, tí àbájáde sì hàn kedere fún ẹnikẹ́ni tó lójú. Ẹ̀rí ló ṣíwájú, òfin tẹ̀ lé e. Òfin tí wọ́n fi de Eddy ló ṣíwájú ní tirẹ̀, ẹ̀rí kò sì tíì dé di òní olónìí. Ẹni tó bá fi Akuma gbe Eddy lẹ́jọ́ dà bí ẹni tó fi olè tí wọ́n mú lánàá dá àlejò tó wọ̀lú lónìí lẹ́bi.

Apá kejì tún wà nínú ìjiyàn yìí tí kò yẹ kí ó lọ láìgbọ́ ìbáwí. Àwọn ni ọ̀mọ̀wé inú ṣọ́ọ̀bù, àwọn tí kì í pariwo bí àwọn tó kù. Ní tiwọn, wọ́n ti rí àtòjọ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí ọ̀gá kan ní Japan tàbí Kòríà tàbí Amẹ́ríkà ṣe, tí ó to gbogbo òǹjà láti orí èyí tó lágbára jù dé orí èyí tó rẹlẹ̀ jù. Bí ìjiyàn bá ti bẹ̀rẹ̀, wọn a yọ fóònù, wọn a ní ẹjọ́ ti parí. Àwọn yìí rò pé àwọn sàn ju àwọn aláriwo lọ. Wọ́n sàn jù wọ́n lọ níwọ̀nba, ṣùgbọ́n àìsàn kan náà ló ń ṣe wọ́n: ohun tí wọn kò wò fúnra wọn ni wọ́n ń jẹ́rìí sí.

Lákọ̀ọ́kọ́, àtòjọ wo? Òǹjà tó lágbára nínú Tekken 3 lè di ọ̀lẹ nínú Tekken 5, kí ó sì tún dìde nínú Tekken 8 tó jáde ní oṣù kìíní ọdún 2024. Kódà nínú géèmù kan ṣoṣo, àwọn tó ṣe é lè fi àtúnṣe ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní òwúrọ̀ kí ohun gbogbo yí padà kó tó di alẹ́. Ní ilẹ̀ yìí, ẹ̀rọ PlayStation àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹ̀dà géèmù tó wà nínú rẹ̀ kò sì gba àtúnṣe kankan rí. Ẹni tó bá fi àtòjọ tí wọ́n ṣe fún ẹ̀dà tuntun dá ẹjọ́ ẹ̀dà àtijọ́, òṣùwọ̀n ọjà ẹlòmíràn ló fi ń wọn gàrí tirẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kejì, àwọn tó ń ṣe àtòjọ pàápàá máa ń ṣìṣe. Ẹ̀rí rẹ̀ ni Super Smash Bros. Melee, tí Nintendo gbé jáde ní 2001. Géèmù yìí kò gba àtúnṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì rí. Bí òǹjà inú rẹ̀ ṣe rí kò yí padà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn olóye fi Yoshi sí ìsàlẹ̀, wọ́n ní kò sí ẹni tó lè fi í borí níbi ńlá. Ọmọ Japan kan tí wọ́n ń pè ní aMSa kọ̀ láti fi Yoshi sílẹ̀. Ó ń pàdánù, ó ń kẹ́kọ̀ọ́, ó ń padà bọ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ó fi Yoshi kan náà gba ìdíje ńlá The Big House ní Amẹ́ríkà, ọdún mọ́kànlélógún lẹ́yìn tí géèmù náà jáde. Kò sí ohun tó yí padà lára Yoshi. Ìmọ̀ nípa rẹ̀ ló yí padà. Gbogbo àtòjọ tó ti sọ pé kò ṣeé ṣe, ohun tí àwọn tó kọ wọ́n mọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n kọ wọ́n ló wà nínú wọn.

Òtítọ́ tó gba inú àwọn méjèèjì yìí jáde ni pé òǹkà láàárín òǹjà méjì kò ti ọ̀run sọ̀kalẹ̀. Àwọn ènìyàn tó ń gbá eré náà ló ń ṣe é, níbi tí wọ́n ti ń gbá a, pẹ̀lú ohun tí wọ́n mọ̀. Ìdí nìyí tí ìjiyàn tó ń lọ ní ìlú kékeré bí Òkèlúsè fi ṣe pàtàkì ju bí àwọn tó ń gbọ́ ọ lójú fèrèsé ṣe rò lọ. Ó lè jẹ́ ìmọ̀ gidi ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, bí wọ́n bá lè ṣe é bó ṣe yẹ.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kí ó wo Lahore ní ilẹ̀ Pakistan. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2019, àwọn tó ń tẹ̀ lé Tekken lágbàáyé gbà pé Kòríà Gúúsù àti Japan ni ilé ọgbọ́n. Kò sí ẹni tó ń ka Pakistan mọ́ wọn. Iná mànàmáná ń ṣe ségesège níbẹ̀ bí ó ṣe ń ṣe níhìn-ín, físà sì jẹ́ òkè ìṣòro fún àwọn ọmọ wọn bí ó ṣe jẹ́ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà. Nínú oṣù kejì ọdún yẹn, ọ̀dọ́ kan láti Lahore tó ń jẹ́ Arslan Siddique, tí ayé mọ̀ sí Arslan Ash, la wàhálà ìrìnàjò kọjá dé Fukuoka, ó sì gba adé Evo Japan. Nígbà tí wọ́n bi í bí ó ṣe ṣe é, ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun kọ́ ni aláìlẹ́gbẹ́, pé àwọn ẹlòmíràn wà nílé tí wọ́n tó òun. Ọ̀pọ̀ rò pé ìgbéraga tàbí ìrẹ̀lẹ̀ àfẹnujẹ́ ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, ó gba Evo ní Las Vegas, ó sì na Knee, àgbà ọ̀jẹ̀ ọmọ Kòríà, ní àṣekágbá. Knee fúnra rẹ̀ gbéra lọ sí Pakistan láti lọ wo ohun tó wà níbẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2023, ọmọ Pakistan mìíràn, Atif Butt, gba àṣekágbá Tekken World Tour ní Amsterdam. Arslan náà tún gba Evo ní 2023 àti 2024. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ pé òun nìkan kọ́.

Kí ni wọ́n ṣe ní Lahore tí ó mú wọn yàtọ̀? Wọn kò jókòó sórí àtòjọ Kòríà. Wọ́n ń pàdé ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n ń gbá òǹjà kan sí òmíràn lójoojúmọ́ títí wọ́n fi mọ ohun tó ṣeé ṣe àti ohun tí kò ṣeé ṣe. Nígbà tí wọ́n wá jáde, àwọn àgbà ayé bá ọgbọ́n tí wọn kò rí rí pàdé. Bí wọ́n bá ti fòfin de gbogbo òǹjà tó dójú ti ẹnì kan ní Lahore, tàbí tí wọ́n gbà pé ohun tí Kòríà bá kọ ló jẹ́ òpin, kò sí ẹni tí yóò mọ orúkọ Arslan lónìí.

Ohun kan tún wà tí ó ń ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn, tí àwọn tó ń fojú di ṣọ́ọ̀bù ìlú kékeré kì í sábà rò. Wọ́n a ní kí àwọn ọ̀dọ́ lọ gbá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n bá aráyé jà, níbẹ̀ ni wọn yóò ti mọ òtítọ́. Tekken àti Street Fighter ń yára débi pé ọgọ́ta àwòrán ló ń kọjá lójú ènìyàn nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ̀ṣẹ́ tó yá jù lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ òǹjà Tekken ń gba àwòrán mẹ́wàá kí ó tó dé ara ọ̀tá. Bí ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gùn débi pé àlọ àti àbọ̀ ìṣẹ́ kan gba ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá, àwòrán mẹ́fà ti lọ. Ìkọlù tí ojú lè rí kí ọwọ́ sì dí lójúkojú yóò di ohun tí a kàn ń méfò. Òǹjà tó ń fi ẹ̀tàn jà yóò wá lágbára ju bó ti yẹ lọ, èyí tó ń fi ìfarabalẹ̀ jà yóò sì di aláìlera. Ìdojúkọ tó jẹ́ márùn-ún sí márùn-ún nínú yàrá kan lè di méje sí mẹ́ta lójú ọ̀nà jíjìn. Nítorí náà, ẹni méjì tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan ní Òkèlúsè, tí pádì wọn so mọ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo, súnmọ́ òtítọ́ eré náà ju ẹni tó ń fi dátà olówó iyebíye bá ará London jà lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń pè ní àìrí-bá-ti-ṣe, àǹfààní ló jẹ́.

Ìtìjú mìíràn wà nínú lílé Eddy jáde, tí ó yẹ kí ọmọ Yorùbá ronú sí. Capoeira ni ìjà tí Eddy ń jà. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil ló dá a sílẹ̀, tí wọ́n da ijó àti ìlù bo ìjà, ìlú Salvador ní Bahia sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ibi tí ó ti gbilẹ̀, ìlú tí àwọn ọmọ ìran Yorùbá pọ̀ sí bí ewé. Nígbà tí Capcom fẹ́ ní òǹjà láti Áfíríkà nínú Street Fighter III ní 1997, wọ́n mú Elena wá láti Kenya, capoeira náà ni wọ́n sì fi sí i lẹ́sẹ̀, bí ẹni pé Áfíríkà kò ní ìjà tirẹ̀ tí ó ń jà. Gídígbò àti ẹkẹ wà níhìn-ín, kò sí ẹni tó bèèrè wọn. Nínú gbogbo àwọn tó ń jà lójú tẹlifíṣọ̀n yẹn, Eddy wà lára àwọn tó súnmọ́ ìbátan ẹni jù. Bí a óò bá tilẹ̀ lé e jáde nílé, kí ó jẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ọ̀nà tí a fi lè gbọ́ tẹnu rẹ̀ kò ṣòro, kò sì náni ju àkókò lọ. Àwọn tó ń ta ayò ọlọ́pọ́n mọ̀ ọ́n tipẹ́: bí ènìyàn bá ní apá ibi tí òun jókòó sí ló fa ìpàdánù òun, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ ìjókòó. Kí ẹni méjì tí wọ́n ń jiyàn jókòó. Kí wọ́n gbá eré mẹ́wàá, ọ̀kan pẹ̀lú Eddy, ìkejì pẹ̀lú òǹjà tó ní Eddy ń fìyà jẹ. Kí ẹnì kẹta máa kọ èsì sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n pààrọ̀ òǹjà, kí wọ́n tún gbá mẹ́wàá mìíràn. Bí Eddy bá borí lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ẹ̀sùn náà ti ń ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan náà ló borí nígbà méjèèjì, Eddy kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ọgbọ́n ló ṣe é, kí ẹni tó pàdánù sì lọ kọ́ ọ. Ogún eré kò tó láti dájọ́ fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ó tó láti pa ariwo lẹ́nu mọ́ ní ọjọ́ kan. Bí ìwé tí wọ́n ń kọ èsì sí bá pé oṣù mẹ́ta, tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ sì ti wọ inú rẹ̀, ohun tí yóò wà nínú rẹ̀ yóò níye lórí ju àtòjọ èyíkéyìí lọ fún àwọn tó ń gbá ẹ̀dà géèmù yẹn ní ìlú yẹn.

Àwọn kan yóò ní eré lásán ni, kí ló dé tí a fi ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ ìlú? Èsì kan ni pé ìjà gidi, ti ẹ̀ṣẹ́ àti ìgò, máa ń ti inú irú ìjiyàn báyìí jáde, pàápàá nígbà tí owó bá wà nílẹ̀. Èsì kejì ni pé ọ̀nà ti ṣí sílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní Abidjan, ilé iṣẹ́ Paradise Game ti dá àjọ̀dún géèmù tí wọ́n ń pè ní FEJA sílẹ̀ láti 2017, ọmọ Nàìjíríà kò sì nílò físà láti wọ Côte d'Ivoire lábẹ́ àdéhùn ECOWAS. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òun tó gbangba sùn lọ́yẹ́ kò nílò láti dúró de ilé aṣojú Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti ń gé òǹjà kúrò níwájú rẹ̀ láti kékeré, tí kò rí Eddy rí bí kò ṣe nínú òfin, ọjọ́ tó bá pàdé rẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè ni yóò mọ̀ pé àwọn tó dáàbò bò ó ló pa á lára. Akínkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ní ń bá ìjà lọ. Èyí tí wọn kò jẹ́ kí ó mọ ìjà rárá ńkọ́?

Ilẹ̀ Òkèlúsè ní òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì, gbogbo ẹni tó mọ ìpínlẹ̀ Oǹdó ló mọ̀. Kò sí ẹni tó lè mọ iye tó wà níbẹ̀ nípa jíjókòó sórí ilẹ̀ náà kí ó máa jiyàn. Wọ́n ní láti gbẹ́ ilẹ̀, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ òǹjà méjì rí. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Kí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ya òfin yẹn kúrò lára ògiri, kí wọ́n fi ìwé àti bírò sí ìdí tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n sì dá Eddy padà sípò rẹ̀ títí di ọjọ́ tí ẹnì kan bá lè fi èsì tí wọ́n kọ sílẹ̀ hàn pé ó jẹ̀bi.